Kí Ló Dé Tí Super Eagles Kì Í Fi Bẹ́ẹ̀ Gbá Bọ́ọ̀lù ní Abuja? Àlàyé Lórí Pápá Ìṣeré Moshood Abíọ́lá

Nígbàkígbà tí NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, bá kéde pé Uyo ni Super Eagles yóò ti gbàlejò, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Abuja àti agbègbè rẹ̀, láti Kubwa dé Lugbe, láti Nyanya dé Mararaba. Ẹnì kan á ní FIFA ti fòfin de pápá ìṣeré ńlá tó wà lẹ́bàá títì pápákọ̀ òfurufú, ẹlòmíràn á ní ìjọba ti tà á, ẹlòmíràn á sì búra pé pápá náà kò bá Eagles lórí mu ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀: báwo ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè ṣe máa ní pápá ìṣeré tó gba ènìyàn 60,491, tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè á sì máa wọ bàálù lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú èyí tí kò gbà ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ? Ohun tó fà á pọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí Ghana tó wá bá Nàìjíríà wàákò níbẹ̀ ní ọdún 2022.

Pápá ìṣeré Abíọ́lá wo gan-an ni à ń sọ?

Orúkọ pàápàá ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá kan wà ní Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn nìyẹn, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n lò fún ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Kukwaba, nítòsí ẹnu ibodè ìlú Abuja. Ẹni tó bá ń ti pápákọ̀ òfurufú tàbí Lugbe wọ àárín ìlú kò lè ṣe kó má rí òrùlé funfun rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, Pápá Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ni gbogbo ayé ń pè é. Ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé yóò máa jẹ́ orúkọ Moshood Abíọ́lá. Ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ṣe Àjọ̀dún Ìjọba Tiwantiwa ní oṣù kẹfà dípò ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe pa á láṣẹ ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n tún fi oyè GCFR dá Abíọ́lá lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìdìbò ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993, èyí tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida wọ́gi lé, ni gbogbo ètò náà fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀.

Àwọn kan béèrè nígbà náà pé kí ló kan Abíọ́lá kan bọ́ọ̀lù. Ó kàn án púpọ̀. Òun ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes ti Abẹ́òkúta sílẹ̀, àwọn tó gba ife Challenge Cup ní ọdún 1985 àti 1987, owó tó sì ná sórí eré ìdárayá káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ló mú kí wọ́n máa pè é ní òpó eré ìdárayá. Àwọn tó tako ìyípadà orúkọ náà kò sọ pé kò yẹ fún un. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé pápá ìṣeré kéré sí ohun tí ọkùnrin náà fi ẹ̀mí rẹ̀ dí, nítorí inú àtìmọ́lé ló kú sí ní ọjọ́ 7, oṣù keje, ọdún 1998. Àwọn tó fara mọ́ ọn sì ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2012, nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fi orúkọ Abíọ́lá sọ Yunifásítì Èkó, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn lójú pópó, tí orúkọ náà kò sì fìdí múlẹ̀. Lójú tiwọn, ohun tó ń jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tó sì wà ní olú-ìlú, ni orúkọ náà lè dúró lé láìsí wàhálà.

Kí ló mú kí wọ́n kọ́ ọ, èló ló sì ná wọn?

Kí Abuja tó ní tirẹ̀, ti Sùúrùlérè ní Èkó ni ilé Eagles. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣí ìyẹn, láti fi gbàlejò Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì tó wáyé ní oṣù kìíní ọdún 1973. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Algeria ní góòlù 3 sí òdo ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì nínú rẹ̀, Múdà Lawal sì jẹ ẹ̀kẹta, tí a fi gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Abuja ní oṣù kejìlá ọdún 1991, kò sí pápá kankan níbẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Bí Nàìjíríà ṣe rí àǹfààní láti tún gbàlejò ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ irú rẹ̀, ní ọdún 2003 ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2000.

Ilé-iṣẹ́ Julius Berger ló kọ́ pápá gan-an, Bouygues sì gba apá tó kù. Iye tí wọ́n gbé jáde pé ó ná ìjọba jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 360 owó dọ́là, èyí tó mú kí wọ́n kà á mọ́ àwọn pápá ìṣeré tó wọ́n jù lọ lágbàáyé nígbà náà. Àríyànjiyàn kò jìnnà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn alátakò ní owó náà ti pọ̀ jù ní ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ti ń sunkún àìrówó, pé ti Sùúrùlérè ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè tún ṣe. Ìjọba fèsì pé olú-ìlú tí kò ní pápá ìṣeré kò lè pe ayé wá ṣeré. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rí lẹ́yìn báyìí: ìdíje náà wáyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, Nàìjíríà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà jù lọ, ṣùgbọ́n láàrin ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ti Sùúrùlérè di ahoro, tí àwọn ènìyàn ń sùn lábẹ́ àga òǹwòran rẹ̀.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi kí pápá Abuja káàbọ̀ sáyé ni ti ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 2003. Brazil, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọdún tó ṣáájú, ló wá, ó sì na Nàìjíríà ní góòlù 3 sí òdo.

Kí ló wà nínú ọgbà náà, kí sì ni wọ́n ń pè ní Package B?

Àwọn ará Abuja máa ń sọ pé àwọn ń lọ sí "Package B" bí ẹni pé orúkọ àdúgbò ni. Láti inú ìwé iṣẹ́ àgbàṣe ni orúkọ náà ti wá. Package A ni pápá ńlá fúnra rẹ̀: koríko tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀nà ìsáré tó yí i ká, àga àwọn òǹwòran, àyè àwọn ènìyàn pàtàkì, pátákó tó ń fi góòlù hàn, iná alẹ́ àti ibi tí hẹlikọ́pítà lè balẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, schlaich bergermann und partner, ló ṣe ètò òrùlé rẹ̀, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí kò fi sí òpó kankan tó dí òǹwòran lójú.

Package B ni gbogbo ohun tó kù: gbọ̀ngàn eré abẹ́lé, odò ìwẹ̀ fún ìdíje, pápá họ́kì, pápá tẹ́níìsì, àti ọ̀nà yíyípo tí wọ́n ṣe fún eré kẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Velodrome. Níbẹ̀ náà ni pápá ìgbáradì tí wọ́n fi owó ìrànwọ́ FIFA ṣe wà, àti Sunday Dankaro House tó jẹ́ ọ́fíìsì NFF. Nítorí náà, àwọn tó ń yan ibi tí Eagles yóò ti gbá bọ́ọ̀lù ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú pápá tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàn.

Ọgbà náà kì í dá wà. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń nara àti àwọn tó ń ta omi máa ń kún ibi ìgbọ́kọ̀sí kí oòrùn tó mú. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú ń lò ó: nínú Velodrome ni PDP ti dìbò yan Atiku Abubakar gẹ́gẹ́ bí olùdíje ààrẹ ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 2022. Àmọ́ ìlò mìíràn wà tí ó parí sí ọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2014, àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí wíwọlé àti jíjáde àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè (Immigration), tí wọ́n ju ohun tí ẹnikẹ́ni múra sílẹ̀ fún lọ, ya bo pápá náà láti ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́. Wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kéré tán ènìyàn 7 ló sì kú ní Abuja nìkan, yàtọ̀ sí àwọn tó kú ní ìlú mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Pápá tí wọ́n kọ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè wọ̀, kí wọ́n sì jáde láìséwu, ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹnu ọ̀nà tó pọ̀ kò wúlò bí a kò bá ṣí wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé FIFA fòfin dè é?

Ibi tí àhesọ ti pọ̀ jù nìyí. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2022, Nàìjíríà gbàlejò Ghana ní Abuja láti mọ ẹni tí yóò lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar. Wọ́n ti gbá òdo sí òdo ní Kumasi. Ìjọba ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Abuja ṣíwọ́ ṣáájú àkókò kí wọ́n lè lọ wo eré, pápá sì kún dẹ́nu. Thomas Partey kọ́kọ́ jẹ góòlù fún Ghana, William Troost-Ekong fi pẹ́nárítì dá a padà, eré parí sí 1 sí 1, Ghana sì kọjá nítorí pé nílé onílé ló ti jẹ góòlù tirẹ̀.

Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè ìkẹyìn ni àwọn òǹwòran ya wọ pápá. Wọ́n wó àga ìjókòó àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n fa àwọ̀n ya, ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Dókítà Joseph Kabungo, ọmọ Zambia tó ń ṣiṣẹ́ fún FIFA àti CAF (àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà) níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, kú. Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ni pé àwọn èrò ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ṣe ni ara rẹ̀ kọ̀ nítòsí yàrá ìmúra. Ìtàn méjèèjì ṣì ń rìn káàkiri títí dòní, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń sọ ọ́ mọ̀ pé àwọn aláṣẹ kò fara mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ìyà tí FIFA fi jẹ Nàìjíríà ni owó ìtanràn 150,000 Faransì ilẹ̀ Switzerland, àti pé kí ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láìsí òǹwòran. Ìjìyà ẹyọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan yàtọ̀ pátápátá sí fífi òfin de pápá. Ẹ̀rí tó dájú ni pé ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Eagles padà sí Abuja láti bá Sierra Leone gbá, wọ́n sì borí ní 2 sí 1; wọ́n tún gbàlejò Guinea-Bissau níbẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 2023, àmọ́ àlejò ló borí ní 1 sí òdo. Lẹ́yìn ìyẹn ni Uyo di ibùdó wọn.

Bí kò bá sí òfin, kí ló gbé Uyo ga ju Abuja lọ?

Koríko ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni pápá Abuja fi wà tí ojú rẹ̀ kò ṣeé gbá bọ́ọ̀lù lé, tí Eagles sì ń ká àpò wọn kiri, láti Calabar dé Kaduna dé Uyo. Ti Kaduna kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó le. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Nàìjíríà gbàlejò Egypt ní pápá Ahmadu Bello, tí kò ju ènìyàn 16,000 lọ. Èrò tó wọlé ju ìyẹn lọ fíìfíì, àwọn kan sì gun orí òpó iná láti wòran, nígbà tí pápá tó lè gba gbogbo wọn láìfún ẹnikẹ́ni wà ní Abuja, tí kò jìnnà síbẹ̀, láìsí koríko tó dára.

Ìdí tí koríko Abuja fi ṣòro tọ́jú kò farasin. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbẹ̀. Ọyẹ́ á fa omi inú ilẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ pupa abẹ́ koríko á sì le gbagidi. Ẹni tó ń tọ́jú pápá gbọ́dọ̀ máa fọ́n omi sí i lójoojúmọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa lu ilẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti omi lè dé gbòǹgbò, kó máa da yanrìn sí ibi tó bá ti jìn, kó sì máa gbin koríko tuntun síbi tó bá ti pá. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga bá dákẹ́ nínú oṣù kejì, tí ìwé owó àtúnṣe rẹ̀ sì ń ti orí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn, koríko kò ní dúró de ìbuwọ́lùwé. Á kọ́kọ́ pọ́n, á wá pá ní agbo-agbo, bọ́ọ̀lù tó bá sì balẹ̀ síbẹ̀ á ta gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Oṣù kẹta wà lára àwọn ìgbà tí FIFA yà sọ́tọ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, ìyẹn ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ṣe gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ wá wo Uyo. Pápá Godswill Akpabio tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2014, gba ènìyàn 30,000. Julius Berger, tó kọ́ ti Abuja, ló kọ́ òun náà. A kò lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ kọ́lékọ́lé ló fa ìyàtọ̀. Òjò ibẹ̀ pọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ rẹ̀ kò gùn, ìjọba ìpínlẹ̀ Akwa Ibom tó ni ín sì ń fi í yangàn, ó sì ń ná owó sí i.

CAF pẹ̀lú ti fún okùn mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè lọ́rùn láti ọdún 2021. Àwọn olùyẹ̀wò rẹ̀ máa ń wo koríko, iná alẹ́, yàrá ìmúra, àga tí òǹwòran kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí, yàrá ìtọ́jú aláìsàn àti ti àyẹ̀wò oògùn olóró. Èyí tí kò bá kúnjú ìwọ̀n, wọn kò ní gbà á. Ìdí nìyẹn tí Sierra Leone fi gbàlejò Nàìjíríà ní Monrovia ní ọdún 2023, tí orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá sì gba wá lálejò ní Abidjan ní ọdún 2024. Nàìjíríà kò tíì bọ́ sínú irú ìtìjú bẹ́ẹ̀, nítorí Uyo wà.

Àwọn tó ní pápá náà kò bá Eagles lórí mu ńkọ́?

Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, Nàìjíríà na Zimbabwe ní 5 sí 1 ní Abuja, síbẹ̀ Angola ló lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní ọdún 2009, Switzerland borí àwọn ọmọ wa tí kò tíì ju ọdún 17 lọ ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tiwọn níbẹ̀, ní góòlù 1 sí òdo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, Guinea dá góòlù padà nígbà tí eré ń parí lọ, 2 sí 2, a kò sì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ẹ fi ti Ghana àti Guinea-Bissau kún un.

Ṣùgbọ́n Eagles na South Africa ní 2 sí òdo lórí pápá kan náà ní ọdún 2008. Àwọn obìnrin wa, Super Falcons, sì borí Ethiopia, Cameroon àti South Africa níbẹ̀ léraléra láàrin oṣù kẹwàá ọdún 2023 àti oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n fi lọ sí Òlíḿpíìkì ní Paris. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ orí burúkú kì í sábà dárúkọ Falcons.

Ta ló ni ín, ta ló sì yẹ kó tọ́jú rẹ̀?

Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. NFF kàn ń yá a lò ni. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó eré ìdárayá ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fagi lé ilé-iṣẹ́ náà, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ National Sports Commission, tí Shehu Dikko jẹ́ alága rẹ̀, tí Bùkọ́lá Ọlọ́pàdé sì jẹ́ ọ̀gá àgbà.

Nígbà tí Sunday Dare jẹ́ mínísítà, láàrin ọdún 2019 sí 2023, ó gbé ètò kan jáde pé kí àwọn olówó gba pápá kọ̀ọ̀kan tọ́. Aliko Dangote ṣèlérí mílíọ̀nù 1 owó dọ́là fún ti Abuja, Olóyè Kessington Adébùtú sì dìde fún ti Sùúrùlérè. Ètò náà ló sọ koríko Abuja di ohun tí ènìyàn lè fi gbàlejò Ghana. Ohun tí kò yanjú ni ẹni tí yóò máa fọ́n omi sí i lọ́dọọdún lẹ́yìn tí olóore bá ti lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fífi pápá sí ìkáwọ́ aládàáni ti wọlé, òun náà ló sì bí àhesọ pé wọ́n ti tà á. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ìjọba kò ta ohun ìní rẹ̀; ilé-iṣẹ́ kan ni yóò fi owó tirẹ̀ tún un ṣe, tí yóò máa darí rẹ̀ fún iye ọdún tí wọ́n bá jọ fọwọ́ sí, tí yóò máa gba owó tó bá wọlé, tí yóò sì dá a padà nígbẹ̀yìn. Àwọn tó fẹ́ ẹ ní ẹni tó fi owó ara rẹ̀ síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ omi dákẹ́ fún ọjọ́ kan, pé ọgbà tó tóbi tó báyìí lè bọ́ ara rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń bẹ̀rù owó ìwọlé. Bọ́ọ̀lù ìlú méjì ń wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń sáré, tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń gbá họ́kì ń lo ọgbà náà lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní bàbá tó lè san owó fún wọn. Wọ́n tún ní ẹni tó ń wá èrè á ya ibi eré sọ́tọ̀ fún ìnáwó àti àpéjọ, nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Velodrome nìyẹn nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba pàápàá. Ìbẹ̀rù yìí yẹ kó gba ìdáhùn nínú ìwé àdéhùn yòówù tí wọ́n bá fẹ́ kọ, kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀ bí Eagles bá ń padà bọ̀?

NFF ló ń fi orúkọ pápá tó fẹ́ lò ránṣẹ́ sí CAF, CAF ló sì ń sọ bóyá ó kúnjú ìwọ̀n. Tíkẹ́ẹ̀tì tàbí pátákó ìpolówó tó bá jáde kí NFF tó kéde ibi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí àmì tó ṣáájú ìkéde, kí ó ya ibẹ̀ nínú oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, kí ó wo bóyá ẹ̀rọ ń fọ́n omi sí koríko.